Àga Tí Wọ́n Ní Kó Padà Wálé

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òrùlé yàrá tí o gbà kò jò mọ́? Ọlọ́run tó dá ẹsẹ̀ kò ní jẹ́ kí tìrẹ kọ níbi tí èrò pọ̀ sí. Ọ̀nà tí o bá ń tọ̀ kò ní dí mọ́ ọ, ọ̀gá rẹ kò sì ní bínú débi tí yóò gbàgbé pé ìwọ náà ní bàbá. Àmín. Tí o bá ń kà á, ìwọ náà ṣe àmín kó tó tutù.

Àwa tí a wà nílé wà láàyè. Orúnkún ń dun ìyá rẹ, ẹnu kò dùn ún. Ọ̀gá Kékeré, ọmọ rẹ tí o fi sílẹ̀ fún wa, ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń pàṣẹ fún gbogbo wa láìtíì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Kí n tó lọ jìnnà, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé bàbá rẹ ti ṣẹ́gun ilé iṣẹ́ ńlá kan. Wọ́n kó ara wọn wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ọkọ̀ àti ariwo, gbogbo àdúgbò dúró ń wòran, mo sì lé wọn padà bí ẹní lé adìẹ. Ó dáa, wọn kò kó ara wọn wá. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni, alùpùpù ló gùn. Gbogbo àdúgbò tó ń wòran, onígbàjámọ̀ ni, àti oníbàárà rẹ̀ kan tó ti fá apá kan orí rẹ̀, tí kò lè lọ sílé bẹ́ẹ̀. N kò sì lé e. Omi ló tọrọ, mo fún un, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yẹn ló dùn létí jù.

Ọ̀rọ̀ àga ni. Àga ọmọdé tí o fi ránṣẹ́ sí wa, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke, tó ní bẹ́líìtì àti tábìlì kékeré níwájú, tí ènìyàn lè ká bí agboòjò. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ dé, tí o ní, Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọ sórí àga yẹn mọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pè é padà, mo kà á, mo tún un kà, orí mi wú. Ṣé o rántí káfíńtà tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa? Níbi tí wọ́n ti ń la pákó, wọ́n lé e kúrò níṣẹ́. Nígbà tó yá wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lò bíi tirẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè é padà, wọ́n fi kún owó rẹ̀, láti ìgbà náà ni kì í ti í kí ènìyàn tán kó tó kọjá. Nítorí náà, bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n pe àga wa padà, mo mọ̀ pé àwọn àga tó kù lọ́hùn-ún ti já wọn kulẹ̀ ni. Nínú gbogbo àga ayé, tiwa ni ojú wọn wà lára rẹ̀. Ibi tí o ti ní kí n má gbé ọmọ sórí rẹ̀ mọ́, mo gbà pé kó má baà dọ̀tí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Ó gbé abẹ sílẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ gbà o, wọ́n ti rí i pé àwọn tà á lọ́pọ̀ ni, ẹni tó ta ẹṣin kì í tún padà wá di ìrù rẹ̀ mú. Mo ní ó gbọ́n. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn.

Ìyá rẹ nìkan ni kò bá wa yọ̀. Ó ní bí ènìyàn bá fi ọmọ rẹ̀ sílé onílé pé kó máa gbé ibẹ̀, tí ẹni tó bí i wá sáré ránṣẹ́ pé kó padà wálé, ọmọ náà ti hu ìwà kan nìyẹn. Mo ní ta ló ń sọ̀rọ̀ ọmọ, àga là ń sọ. Ó ní kí n máa bá a lọ. O mọ bí ìyá rẹ ṣe máa ń sọ pé kí n máa bá a lọ. Ó ti àga náà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Ọ̀gá Kékeré sórí itan láti fún un lóúnjẹ, pẹ̀lú orúnkún yẹn náà.

Mo pe nọ́mbà ilé iṣẹ́ náà tí o fi ránṣẹ́. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ ní ìkíni. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bi í pé ọmọ mélòó ló ti bí, ó ní tẹ ọ̀kan. Mo ní Ọlọ́run yóò fi èkejì kún un, ó ní tẹ èjì. Ẹnu yà mí bí àdúrà mi ṣe ń gbà kíákíá báyìí. Mo fẹ́ bá a dé orí ẹ̀kẹta, ó ní kí n dúró, ó sì fi orin sí i fún mi. Mo gbọ́ orin náà títí owó fi tán lórí fóònù. Lo bá ní ìwọ fúnra rẹ yóò bá wọn sọ ọ́, ìyẹn ló gbé ọkùnrin alùpùpù dé.

Ó tú àga náà, ó fi ìkọ́ irin kan hàn mí lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ìkọ́ yìí ló yẹ kó máa di ẹsẹ̀ mú, pé kò dúró dáadáa, pé bí ọmọ bá ti fì síwájú, ìkọ́ á yọ̀, àga á pa dé mọ́ ọmọ bíi pàkúté. Ó ní ó ti ṣe àwọn ọmọ léṣe nílé púpọ̀, ìdí tí àwọn fi ń pè é padà nìyẹn, pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó mọ́ láé. Ìyá rẹ wò mí. Mo wo òrùlé.

Ó gé bẹ́líìtì àga náà, ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà gbọọrọ sí i lára, ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Mo ní kó dúró, mo wọlé lọ dé fìlà, mo wá dúró ti àga náà, mo fi ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àga nìkan ni wọ́n ń fẹ́ rí. Mo ní ṣé fọ́tò ìdágbére kọ́ ni? Ó ní ẹ̀rí ni. Kó tó lọ, mo fa á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bi í bóyá wọ́n tún lè bá ènìyàn pe nǹkan mìíràn padà, nítorí àbúrò ìyá rẹ ọkùnrin tó wá kí wa láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá ṣì wà níbí. Ó ní àga nìkan ni tàwọn. Owó àga tí wọ́n ní wọn yóò dá padà, wọ́n ní fóònù ni yóò gbà wọlé. Mo ti gbọn tèmi, kò dún. Wo tìrẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìka Ọ̀gá Kékeré. Ìyá rẹ ti sọ fún ọ pé ilẹ̀kùn yàrá wa ló pa dé mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní egungun kò ṣẹ́, pé èékánná náà yóò bọ́, òmíràn yóò sì hù. Ó ti ń fi ìka náà nawọ́ sí ohun tó bá fẹ́, ìyẹn gbogbo nǹkan. Ìyá rẹ ní kí káfíńtà wá yọ ilẹ̀kùn náà. Ó wà níta báyìí, wọ́n gbé e ti ògiri bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́, àbúrò ìyá rẹ yẹn sì ń kí wa lórí bẹ́ẹ̀dì bó bá ń kọjá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn lórí fóònù, o ní o ń bọ̀ ní ìparí oṣù láti wá mú ọmọ rẹ. Ìwọ lo bí i, n kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ nínú yàrá kan yẹn bí o bá lọ síbi iṣẹ́? Ìyá rẹ ti ká àwọn aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó tún tú wọn, ó tún ká wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà láti ìgbà náà, ara mi kò sì gbà á. Ó ń sọ pé ojú òun ni kò tó ọmọ náà mọ́, pé òun ti darúgbó.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀kùn padà sí àyè rẹ̀, nítorí káfíńtà wa kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, sálúbàtà mi ti jẹ tán lápá ọ̀tún. Ọlọ́run yóò máa fi iwájú rẹ sọ́nà, yóò fi ẹ̀yìn rẹ pamọ́, ohun tí o bá fi ọwọ́ kàn yóò yè lọ́wọ́ rẹ. Èmi ni, bàbá rẹ tí kò ní ẹlòmíràn tó lè máa dà láàmú.

Mo ti fẹ́ lẹ ẹnu àpò ìwé yìí pa, ọwọ́ mi kò gbà. Bí o bá ń bọ̀, má bá ìyá rẹ wí. Kò purọ́ fún ọ, ohun tí mo sọ fún un ló sọ, ilẹ̀kùn kò sì ṣe ọmọ rẹ ní nǹkan kan. Kí ọkùnrin alùpùpù yẹn tó dé ni. Ìyá rẹ jáde lọ ra ọṣẹ. Mo fa àga yẹn jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kí onígbàjámọ̀ lè wá wò ó, mo sì gbé ọmọ lé e kó lè rí bó ṣe dára tó. Ọmọ náà fì síwájú pé kí n gbé òun, àga sì pa dé. Mo gbá a mú láṣọ kó tó dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti wà láàárín irin. O ti kọ ọ́ sí mi pé kí n má gbé e sí i mọ́. Mo kà á. Mo gbé e sí i.