Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lórí Nọ́ọ̀tì

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ ó ṣì ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a ò tíì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìrìn àjò ẹgbẹ́ wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ó gun kẹ̀kẹ́ gba orí òkè, a ó sùn sílé ìsinmi tó wà lórí òkè kejì. Lọ́jọ́ Àìkú, a ó gun òkè kẹta, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ sétí òkun. Èèyàn márùn-ún. Ó kà wá: òun, Nọ́ọ̀sì, Télọ̀, èmi. Ó ní, àti àbúrò rẹ.

Mo ní ta ló pè é. Ó ní òun ni. Ó ní bí inú bá ń bí mi, kí n fi gun òkè.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ́fíìsì! Orúkọ tí mo fi ń pe àbúrò mi nìyẹn, látìgbà tó ti lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Oṣù mẹ́rìnlá, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ṣé mo tún fẹ́ kọ ọ́ ni? Ó dáa. Àwa méjèèjì la jọ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá fi sílẹ̀. Ó gbàgbé láti di nọ́ọ̀tì táyà iwájú kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan. Táyà yọ, oníbàárà ṣubú, apá rẹ̀ kán. Mo bú u lójú gbogbo èèyàn. Mo ní ẹni tí kò lè di nọ́ọ̀tì kan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí ọmọ ẹlòmíràn máa gùn mọ́. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó, ó jáde. Aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì béèrè.

Látìgbà náà ni mo ti ń lo ṣọ́ọ̀kì. Bí mo bá ti di nọ́ọ̀tì kan tán, mo máa ń fa ìlà funfun lé e lórí. Ẹni tó bá rí ìlà mọ̀ pé mo ti dì í. Kò sí ẹni tó ṣubú mọ́.

Ọjọ́rú, 8

Afẹ́fẹ́ láti àná. Ó ká páànù orí òrùlé ẹni tó ń ta ìwé lódìkejì ọ̀nà. Télọ̀ pè, ó ní ṣé ká má kúkú sún ìrìn àjò náà síwájú. Tíṣà ní afẹ́fẹ́ kì í jẹ èèyàn. Nọ́ọ̀sì ní òun ti kó báńdéèjì sínú àpò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9

Wọ́n kó kẹ̀kẹ́ wá fún àyẹ̀wò. Ọ̀gbẹ́ni Ọ́fíìsì ò lè fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi — Nọ́ọ̀sì ló bá a yí tirẹ̀ wá. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin lẹ́bàá ògiri, tirẹ̀ ló kẹ́yìn, torí mi ò fẹ́ kọ́kọ́ rí i. Tèmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Bíréèkì, ṣéènì, táyà — gbogbo rẹ̀ dáa. Ó wá ku nọ́ọ̀tì tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ó ti rẹ̀ mí. Mo kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí márààrún, kí iṣẹ́ lè yá, kí n tó mú sípánà. Sípánà wà lára ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nígbà tí Màámi pè.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n ní ọmọ ìyá kan kì í di àjèjì síra wọn lójú òun. Mo ní Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀, òun ló ṣàṣìṣe. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o kì í ṣàṣìṣe." Wọ́n pa fóònù.

Inú bí mi. Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí mo padà wọlé, mo wo gbogbo wọn yíká. Ìlà funfun wà lórí gbogbo nọ́ọ̀tì. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ sílé.

Ẹtì, 10

Wọ́n ti wá kó kẹ̀kẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ló tún wá mú ti ẹni yẹn. Afẹ́fẹ́ ò tíì rọlẹ̀.

Àbámẹ́ta, 11 — ilé ìsinmi, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Ara ń ro mí. Òkè méjì lónìí, afẹ́fẹ́ kò sì yéé ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ mi ń fà sí òsì ṣáá. Ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ mọ̀ mí lórúkọ.

Ẹni yẹn kí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn." Mo ní hẹn. Télọ̀ ní hẹn yẹn wúwo ju kẹ̀kẹ́ òun lọ. Nígbà tó yá, ó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ̀kẹ́ yín ń ya." Mo ní afẹ́fẹ́ ni, kó wo iwájú rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn.

Ọjọ́ kan náà, aago mẹ́fà ààbọ̀

Mo ṣí ìwé yìí padà sí Ọjọ́bọ̀, mo fẹ́ tún ka ohun tí Màámi sọ. Mo wá rí ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Mo kọ́kọ́ fa ìlà. Kí n tó mú sípánà! Mo sì wà lórí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni tirẹ̀.

Ṣé mo dì í tán kí n tó gbé fóònù? Mi ò rántí. Mo sáré lọ sísàlẹ̀ — olùtọ́jú ilé ti ti kẹ̀kẹ́ wa mọ́ yàrá ẹ̀yìn, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé, ó di àárọ̀ ọ̀la. Mo ń gbọ́ ohùn àbúrò mi ní pálọ̀, òun àti Télọ̀ ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kí n ṣáà lọ sọ fún un. Lójú Tíṣà. Lójú gbogbo wọn. Lẹ́nu èmi tí mo lé e.

Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kí n kọ òtítọ́ ibẹ̀: ojú ń tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá yọ́ lọ dì í kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Àìkú, 12 — aago méje ku díẹ̀

Àbúrò mi ti lọ kí n tó jí. Télọ̀ ní aago mẹ́fà ni olùtọ́jú ilé ṣílẹ̀kùn, ló bá gbéra, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí òkun. Mo pè é, kò gbé e. Mo ń lọ.

Ọjọ́ kan náà, ọ̀sán — etí òkun

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ. Nọ́ọ̀sì ti fi báńdéèjì di ọ̀tún.

Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Òkè kẹta ló burú jù, òkúta lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì. Gbogbo kọ́nà tí mo dé ni mo ń wo inú koríko bóyá màá rí akoto pupa rẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ sókè bí wèrè. Mo ní Ọlọ́run, mo bẹ̀ Ọ́, kó má jẹ́ òun. Kẹ̀kẹ́ ń fà sí òsì, mo ń ṣépè fún afẹ́fẹ́.

Mo dé orí òkè. Òkun nìyẹn. Òun náà nìyẹn nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti wọ iyanrìn, ó dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń mu omi. Odidi. Mo pariwo pè é, mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní eré burúkú. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ yí. Táyà ò yí. Koríko ni mo tún rí.

Ó sáré gun òkè wá bá mi. Ó ní kí n má mira. Ó tẹ ọrùn mi, ó tẹ apá mi. Ìgbà tó rí i pé mo lè jókòó ló lọ gbé kẹ̀kẹ́ mi dìde. Ó fi orúnkún há táyà iwájú, ó yí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń yí fàlàfàlà bí ìdérí ìgò. Ìlà funfun sì wà lórí nọ́ọ̀tì, ó mọ́ tónítóní.

Tèmi. Tèmi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí mi ò tilẹ̀ kà mọ́ ọn.

Mo ní tirẹ̀ ni mo ń sá bọ̀ wá dì. Ó ní, "Tèmi? Ẹ ti dì í. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní Ẹtì. Ẹni tí wọ́n bá torí nọ́ọ̀tì lé, á máa yẹ nọ́ọ̀tì wò títí ayé ni." Kò sọ ọ́ bí èébú, ìyẹn ló dùn mí jù.

Àwọn yòókù dé. Tíṣà wo ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó wo ojú mi, ó ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Kò mọ̀ pé ohun tó wà nílẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Mo ní lọ́jọ́ tí oníbàárà yẹn ṣubú, sípánà wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Èmi ni mo pè é, mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó wá bá mi já táyà tuntun kúrò nínú ọkọ̀. Kó tó padà sídìí iṣẹ́, mo ti fa kẹ̀kẹ́ náà lé oníbàárà lọ́wọ́. Èmi ni. Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti mọ̀. Ìwé tí mò ń dá kọ, tí ẹnikẹ́ni kì í kà yìí gan-an, mo purọ́ fún un lọ́jọ́ Ajé.

Àbúrò mi ń tú àpò mi.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní kí ló wá dé tó ò sọ? Ó ní, "Lójú àwọn oníbàárà? Ẹ̀gbọ́n mi ni yín."

Ó mú sípánà nínú àpò mi, ó di nọ́ọ̀tì náà. Ó nawọ́. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì fún un. Ó nu ìlà tèmi kúrò, ó fa tirẹ̀, ó sì lọ bá òkun. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé, 13

Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo kọ́kọ́ lọ sílé oníbàárà tí apá rẹ̀ kán. Mo sọ fún un pé èmi ni. Ó wò mí títí, ó ní àbúrò mi ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún. Mo ní mo ti sọ fún un.

Aago mẹ́sàn-án ni mo dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, ṣùgbọ́n wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Mo wọlé. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ò sí lórí ìṣó mọ́. Kọ́kọ́rọ́ kejì ló wà níbẹ̀.