Àmì Búlúù Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Màlúù Eino

Ilmari ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Helsinki? Ṣé ara le, ṣé o ń jẹ oúnjẹ gbígbóná? Ọlọ́run tó mú wa la òtútù ọdún yìí já kò ní jẹ́ kí oòrùn tó ń bọ̀ bá wa nínú ìbànújẹ́. Àlàáfíà ni gbogbo ilé wà. Yìnyín orí òrùlé ti já bọ́, ó sì fọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, èyí tí mo ti ń sọ láti ọdún mẹ́ta pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe àfi èmi fúnra mi. Ajá wa ti sanra. Èmi náà ti sanra, ṣùgbọ́n ti ajá ni gbogbo èèyàn ń sọ.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé mo kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi rí nǹkan ṣe ni, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní o, ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ní Kajaani ni, ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀rù máa ń bà mí kí n tó wọlé, bíi pé wọ́n máa lé mi jáde. Àwọn tó kù ń gbé kọ̀ǹpútà wá, èmi ń gbé ìwé tí ìgbẹ́ màlúù ti gbẹ mọ́ èèpo rẹ̀ wá. Olùkọ́ wa ní kí kálukú sọ iṣẹ́ kan tí òun ti fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ronú títí, mo ní mo máa ń jẹ́ kí Riikka se kọfí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún wọn pé mo máa ń da kọfí náà nù, kí n tún un sè.

O mọ Riikka, dókítà ẹran tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ láti ọdún méjì. Ilé ìwòsàn ẹran kan ní Oulu ti kọ̀wé sí i pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó fi ìwé náà hàn mí, ó ní Ọjọ́ Ẹtì ni òun máa dá wọn lóhùn. Ó ní, Dókítà, iṣẹ́ yín ò sú mi o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń mí sí mi lọ́rùn ló sú mi. Ọmọ mi, tí Riikka bá lọ, èmi àti orúnkún mi méjèèjì tó ń ké ló kù fún gbogbo màlúù agbègbè yìí. Ilé ìwòsàn tí mo fi ọgbọ̀n ọdún gbé ró máa tì ni.

Olùkọ́ sì ti fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá: fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ pátápátá, kí o kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Eino Pentikäinen pè lọ́jọ́ Ajé pé màlúù òun ń rọbí, ọmọ ò sì jáde, mo ní Riikka ń bọ̀. Eino ní, Riikka kẹ̀? Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti kú ni? Mo ní rárá o, mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó ní kí ni wọ́n ń kọ́ mi? Mo ní bí èèyàn ṣe ń jókòó sílé. Ó ní ológbò òun mọ ìyẹn láìlọ síléèwé.

Riikka lọ. Mo jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, lẹ́yìn náà mo wọ mọ́tò.

Fóònù ni mo fi ń wò ó. Nígbà òtútù, Riikka tẹ nǹkan kan sórí fóònù mi pé tí mọ́tò mi bá rì sínú yìnyín, kí àwọn lè wá mi rí. Àwòrán ọ̀nà ni. Àmì pupa ni Riikka. Àmì búlúù kan tún máa ń wà níbẹ̀ tí n kò mọ ẹni tó ni ín. Lójú tèmi, bíi fèrèsé ni fóònù, ẹni tó ń yọjú ló ń ríran. Mo tẹ̀lé àmì pupa, mo gbé mọ́tò pamọ́ sẹ́yìn ilé màlúù Eino, mo lúgọ sábẹ́ fèrèsé. Mo wo fóònù, mo rí àmì búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Riikka pẹ́kípẹ́kí. Mo ní háà, ta tún ni aláìnítìjú tó ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ yìí?

Mo gbọ́ tó ń bá màlúù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ tó ní kí Eino fa okùn tí òun so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, kó dúró, kó tún fà. Èmi ì bá ti ní kó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́ nígbà tí fèrèsé ṣí lókè orí mi. Riikka yọjú, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ní, Dókítà, láti ogún ìṣẹ́jú ni fóònù mi ti ń fi yín hàn mí níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ni àmì búlúù. Ọmọ ti jáde, abo ni, ó ń mí dáadáa. Ẹ máa lọ sílé. Eino pariwo látinú ilé pé, ṣé bí wọ́n ṣe ń jókòó sílé nìyẹn?

O mọ àṣà wa. Mílíìkì tí màlúù bá kọ́kọ́ sun lẹ́yìn ìbí, wọ́n á yan án nínú ààrò títí á fi di wàrà, wọ́n á gbé e fún dókítà tó gbẹ̀bí. Ọgbọ̀n ọdún ni àwo Eino ti ń wá sórí tábìlì mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé e wá, ó gbà níwájú mi kọjá, ó gbé e ka iwájú Riikka. Mo lọ sẹ́yìn, mo ń fọ bàtà rọ́bà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Riikka ló wá bá mi, ó gé wàrà náà fún mi, ó fi èso igbó tí a fi ṣúgà sè sórí rẹ̀. Ó ní ẹ gbà, ẹ jẹ ẹ́, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn yẹn. N kò mọ ìdí tó fi dùn ju gbogbo èyí tí mo ti ń jẹ bọ̀ lọ.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́, n kò purọ́. Èsì tó fi ránṣẹ́ kò ju gbólóhùn kan: Ẹ tún un ṣe.

Òní Ọjọ́bọ̀ ni mo ń tún un ṣe. Riikka wà lóko Kovalainen, màlúù méjì ló ń rọbí pọ̀. Kó tó lọ, mo ki kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi bọ àpò rẹ̀ kí n má bàa tẹ̀lé e, òun kọ́ ló béèrè. Ìdí lẹ́tà nìyẹn. Ọ̀la sì ni Ọjọ́ Ẹtì.

Jọ̀ọ́, fi ogójì Yúrò ránṣẹ́ fún owó epo. Kò yẹ kí ilé ìwòsàn san owó epo tí mo fi lépa òṣìṣẹ́ mi. Tí o bá tún wálé, wá kọ́ mi ní fóònù yìí, ṣùgbọ́n má pa àmì búlúù o. Jẹ́ kó wà, kí Riikka lè máa rí i pé kò kúrò lójú kan. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ìwọ náà á rí ẹni rere gbé e lé lọ́wọ́, á sì yá ọ lára ju bó ṣe yá ìyá rẹ lọ.

Fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. Riikka ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ọmọ méjèèjì ti jáde, òun sì rí i pé n kò kúrò nílé. Ó ní kí n má se kọfí o, òun lòun máa sè é, lónìí, lọ́la, àti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ka ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Màá mu kọfí náà bó bá ṣe wà.

Èmi ni ìyá rẹ, Kerttu, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní.