Ọkọ Tí Ohùn Rẹ̀ Wọ Inú Àmù

Ìrókò, lọ́nà Ìbàdàn,
Oṣù Kọkànlá, 1926.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Ó dá mi lójú pé ara yín le, nítorí ẹni tí ara ń ro kì í kọ ìwé gígùn bẹ́ẹ̀ láti fi bá àbúrò rẹ̀ wí. Ara tèmi náà le, àfi ẹsẹ̀ mi tó wú díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ẹni tó lóyún oṣù mẹ́jọ kò gbọdọ̀ ka ìyẹn sí àìsàn.

Ẹ ní kí n fi ìwé àtijọ́ tí Bàbá wa fi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kíákíá. Ẹ ní ìwé ẹ̀rín lásán ni, pé àwọn ìwé tó nílàárí ti dé, àti pé kò yẹ kí ọmọ olùkọ́ máa ka irú rẹ̀ sí àwọn èèyàn létí. Ẹ má bínú, n kò ní lè fi í ránṣẹ́. Ẹ ní sùúrù kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí ìwé náà dáadáa. Ọkọ kan ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ohùn rẹ̀ fi bínú jáde lọ́fun rẹ̀, tó lọ wọ inú àmù omi ìyàwó. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi kó bẹ ìyàwó kó ṣí àmù. Bí a bá kà á dé ibi tó ti gbé àmù rù lọ fẹ́ ìyàwó kejì, tí àmù ń ka gbogbo ìwà rẹ̀ fún àwọn àna tuntun, Bàbá wa á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Màmá wa kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn máa wo Bàbá.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ti ilé tí ẹ fi mí fún. Kí n tó dé ibí ni bàbá ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi ti dẹ́kun àtimáa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òjò ló pa kòkó tí wọ́n sá. Ìyá fẹ́ sọ tẹnu wọn, ni Bàbá bá jágbe mọ́ wọn lójú àwọn àlejò pé, "Àlejò ni ọ́ nínú ilé yìí, má dá sí ọ̀rọ̀ onílé!" Ìyá tó ti bí ọmọ mẹ́fà síbẹ̀! Wọ́n ní ó dáa, àlejò ti gbọ́. Láti ìgbà náà, bí àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ jókòó sójú kan, Ìyá á ní, "Ẹ sọ fún bàbá yín pé oúnjẹ ti délẹ̀." Èmi ìyàwó ni mò ń jíṣẹ́ náà.

Lọ́dún yìí Ìyá ní ó ti sú àwọn. Wọ́n ní bí a bá ti bó ẹ̀gúsí tán, àwọn ń padà sí ilé baba àwọn ní Olódò. Ọkọ mi bẹ̀bẹ̀ títí, wọn ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Màmá wa kò sí mọ́, obìnrin yìí ni mo gbójú lé pé yóò dì mí mú lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo wa ń bó ẹ̀gúsí, tí ojú Ìyá korò, mo gbé ìwé náà jáde kí n fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. N kò kà á síta rí níbí, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀: orúkọ bàbá ọkọ mi gan-an ni orúkọ ọkùnrin inú ìwé. Lẹ́tà yìí pàápàá, n kò ní kọ orúkọ náà sí i. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá. Bí mo bá ti dé ibi orúkọ, màá wúkọ́, màá sì fò ó.

Ìwé kún fún orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni mò ń wúkọ́. Ni àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo sọ ní Ìbàdíàrán nítorí ó ti wà nílé kí n tó dé, bá gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, gbogbo àwa ọkọ rẹ pátá lo ti fún lórúkọ tí ò ń pè wá. Ta ló wá kù tí o fi ń wúkọ́ báyìí?" Gbogbo ojú bá yí sí abẹ́ àtíbàbà, níbi tí Bàbá ti ń ki èèkù bọ ọkọ́. Ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún wọn, ọ̀wọ̀ náà ló sì tú wọn síta. Mo ní ó parí, wọn á dá mi padà sílé pẹ̀lú oyún.

Bàbá kò bínú. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ikọ́ yẹn ti pọ̀. Máa kà á lọ." Mo kà á dé ibi àwọn àna, ẹ̀rín gba ilé. Nígbà tó yá, Bàbá béèrè pé, "Báwo ló ṣe wá gba ohùn rẹ̀ padà?" Mo ṣí ìwé, kò sí ewé mọ́. Ikán ti jẹ ìparí rẹ̀, èmi náà kò sì rántí rẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará agboolé mìíràn ti ń wá sọ pé kí n ka ìwé àmù fún àwọn. Ẹ ní ìwé náà ti gbó jù. Kò sẹ́ni tó gbà gbọ́ níbí pé ohùn èèyàn lè wọ àmù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ilé tó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gúsí tán. Lọ́jọ́ tí Ìyá ń lọ, ẹrù wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá dìde, wọ́n lọ sídìí àmù Ìyá, wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n tẹ orí ba títí ojú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Wọ́n sọ̀rọ̀ sínú àmù pé, "Onílé, àlejò kan wà níbí tí òùngbẹ ń gbẹ. Ṣé ó lè bu omi mu?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá dúró, wọ́n wo ẹ̀yìn ọkọ wọn pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹ gbé orí yín kúrò nínú àmù mi. Ibo ni kí n ti rí omi bù fún yín?" Wọ́n bu omi kún ahá, wọ́n kúnlẹ̀ gbé e fún Bàbá. Mo sunkún, n kò tijú. Ìyá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Tú ẹrù yẹn, jàre."

Inú àpótí Bàbá ni ìwé wà báyìí, wọ́n fi aṣọ wé e. Wọn ò mọ̀wé, síbẹ̀ bí mo bá fẹ́ kà á, àfi kí n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn fúnra yín nígbà ìkómọ.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ohùn yín kò ní sọnù nínú ilé yín, etí ìyàwó yín kò sì ní di sí i. Àyọ̀ la ó fi ríra.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fà fọ́kọ,
Títíladé.

Mo tún rántí: Mo mọ̀ pé láti kékeré ni ẹ ti kọ́ ìwé náà sórí, ẹ ó sì rántí bí ọkùnrin náà ṣe gba ohùn rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ sí mi. Ìyá ti sọ fún gbogbo ilé bó ṣe parí.