Ìwé Márùn-ún Abẹ́ Àpò Gàrí

Mọ́ńdè, 3 Oṣù Kẹta
Ìtumọ̀ Ìhìn Rere Lúùkù parí. Ọdún mẹ́ta! Èmi ń ka èdè Potogí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ìyá Kamiru, ń jiyàn, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè ẹ̀yà wa, tí kò tíì ní Bíbélì. Ìwé márùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kọ ọ́. Kò sí ẹ̀dà kankan, ọ̀rinrin odò ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni Bíírò Pupa — ọ̀gá tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nílùú — máa wá gbé e.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń wúkọ́. Ó ní kí n yé wo òun, kí n máa wo gàrí mi lórí iná, ó ń jóná.

Fúráìdè, 7
Ó kú.

Sátidé, 8
Nínú àṣà wa, a ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ jóná, kí ó lè lọ. Bí ohunkóhun bá ṣẹ́kù, yóò padà wá a, àìsàn á sì wọlé tọ àwọn ọmọ rẹ̀. Agbọ̀n, ẹní, gbogbo rẹ̀ ti jóná. Marluse ọmọ rẹ̀ bi mí bóyá ó tán. Mo ní ó tán. Àwọn ìwé wà lábẹ́ àpò gàrí mi. Ojú ń tì mí.

Sọ́ńdè, 9
Mo rí ọgbọ́n kan dá. Bí mo bá dà á kọ, ọwọ́ mi nìyẹn. Tirẹ̀ á wá lọ sínú iná. Mo ti ń kọ ọ́ láti àárọ̀, ìka ń dùn mí.

Túsìdé, 11
Ìwé kejì kù díẹ̀. Ibà ti mú ọmọbìnrin tí Marluse bí. Ọkọ Marluse sọ ọ́ létí gbogbo ilé pé ẹnì kan fi nǹkan pamọ́. Kò sẹ́ni tó wò mí. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Tọ́sìdé, 13
Mo ti da ìwé mẹ́ta kọ. Ó ku méjì — ikú Olúwa àti àjíǹde wà níbẹ̀. Ibà ẹ̀fọn ni, mo sọ fún ara mi, ọmọ náà ti lo oògùn. Ọkàn mi ò gbà.

Fúráìdè, 14
Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo kó márààrún tí ọwọ́ rẹ̀ kọ lọ bá Marluse nídìí ààrò, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó sún díẹ̀ kí n ráyè jókòó. Ọwọ́ mi ni mo fi sun wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sunkún.

Ìgbà tí wọ́n di eérú ni mo béèrè bí ara ọmọ náà ṣe rí. Ó ní ọmọ náà ti ń jẹun láti àná, ó wà létí odò, ó ń wẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Tí mo bá sọ, ṣé ẹ máa sun wọ́n? Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi gbọ́dọ̀ lọ."