Ìyá Àgbà Tí Lọ́yà Rẹ Ń Wá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, dókítà tó ń kọ́ àwọn dókítà,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Bí o bá bèèrè wa, a wà, a ń mí, Ọlọ́run ò sì ní jẹ́ kí èémí náà wọ́n wa. Atẹ́gùn ṣí apá kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan kú, bàbá rẹ kékeré ṣì ń wúkọ́. Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n kò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ wúwo, mi ò mọ̀ bóyá fóònù lè gbé e, nítorí bí mo bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí, obìnrin tó ń gbé inú rẹ̀ á já lu ọ̀rọ̀, á ní owó mi ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi í.

Mo ń gbàdúrà sí ẹjọ́ rẹ láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ yín ti fi Oníjígí, dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ, ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, tí o ní irọ́ ni, ìwọ lo kọ́kọ́ wọṣẹ́, tí òun náà ní òun lòun kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ńlá. Nídìí iṣẹ́ káfíńtà tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀gbọ́n, bí ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ ti hu irùngbọ̀n. Nítorí náà ìwọ lo jàre lójú tèmi. Gbogbo ìgbà tí o bá ní adájọ́ tún ti sún ẹjọ́ síwájú ni mo máa ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, mo ní ó ti ń súnmọ́lé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lóye pé ẹjọ́ tí wọ́n bá ń sún síwájú, ẹ̀yìn ló ń lọ.

Wàyí o, jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Ìyá rẹ ò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́, láti orúnkún wálẹ̀.

Ìṣó ló gún un ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àtọ̀gbẹ tó wà lára rẹ̀ ò jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jinná. Ó fi aṣọ wé e, ó ní kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi da ọmọ tó ń rojọ́ láàmú. Nígbà tí àwọn ìka dúdú, tí ẹsẹ̀ wú, tó sì ń rùn, a wọkọ̀ wá sí ọsibítù yín. Ìyá rẹ ní n kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ, pé ta ló mọ ohun tí àwọn èèyàn Oníjígí lè fi sínú abẹ́rẹ́ bí wọ́n bá mọ̀ pé òun ló bí ọ. Orúkọ bàbá tó bí i ló fún wọn. A ní ọmọ wa ń ta aṣọ.

Ọjọ́ Ajé ni. Ìwọ àti Oníjígí ti lọ rojọ́ nílùú kejì. Àwọn dókítà kéékèèké yẹ ẹsẹ̀ wò, wọ́n ní àfi kí àwọn gé àwọn ìka tó ti kú kó tó ràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní olórí ẹ̀ka ló gbọ́dọ̀ pàṣẹ kí wọ́n tó ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ, ilé ẹjọ́ sì ti kà á léèwọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì láti ṣe bí olórí títí ẹjọ́ á fi parí. Wọ́n lẹ àṣẹ náà mọ́ ilẹ̀kùn. Mo kà á jẹ́jẹ́: kí ohun gbogbo wà bó ṣe wà. Ọmọ mi, mo rò pé àwa náà ni adájọ́ ń bá wí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kó má mira, àṣẹ ìjọba ni. Mo tilẹ̀ gbà á lọ́kàn pé bí adájọ́ bá ti ní kí gbogbo nǹkan dúró, wíwú náà á dúró. Ìyá rẹ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ni ò gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi wá sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo ká páálí sábẹ́ rẹ̀ kó má baà máa mì ín. Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ọ̀sán, ọkùnrin kan ń kọjá tòun ti àpò ìrìn àjò lọ́wọ́, ó gbóòórùn, ó padà, ó kúnlẹ̀, ó tú aṣọ náà. O ti sọ fún wa rí pé jígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ibẹ̀ ni mo ti dá a mọ̀. Mo sọ sí ìyá rẹ létí pé ká sá. Ìyá rẹ ní bó bá fẹ́ pa òun, kó tètè pa òun, ìrora náà ti tó.

Ó bi àwọn dókítà kéékèèké pé ta ló fi ìyá yìí síbí láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n ṣí yàrá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé sà, ẹ̀wọ̀n ni o. Ó ní kí wọ́n sọ fún ẹni tó bá bèèrè pé òun lòun pàṣẹ. Nígbà tó gé ẹsẹ̀ náà tán tó jáde, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó ní lọ́jọ́ Ajé, ìka mẹ́ta ni ìbá lọ. Àràárọ̀ ló ń wá wo ojú ọgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí à ń padà sílé, ó ní, Màmá, ojú yín mà jọ ojú ẹnì kan tí mo mọ̀ dáadáa. Ìyá rẹ ní ojú àwọn arúgbó a máa jọra. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà, bí o bá fi fóònù tó ń gbé ojú wá pè wá, orí ìyá rẹ nìkan ni mo ń kọ ọ́ sí. Mo fi àkísà di ojú fóònù kejì tó wà lẹ́yìn, kó má baà dá lọ wo ẹsẹ̀, kó wá sọ fún ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé lọ́yà rẹ dé abúlé wa. Kò mọ̀ pé àwa la bí ọ. Ó ní òun ń wá ìyá àgbà kan tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, kó wá jẹ́rìí pé Oníjígí pàṣẹ lọ́jọ́ tí kò gbọdọ̀ pàṣẹ. Ó ní bí ìyá náà bá ti lè sọ ọ́ níwájú adájọ́, Oníjígí á ṣẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dókítà tó gbé iṣẹ́ fún àwọn á sì di olórí. Inú rẹ̀ ń dùn. Mo bu omi fún un. Ìyá rẹ bi í bóyá dókítà náà mọ̀ pé arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ kan ni wọ́n ń wá kiri. Ó ní ó mọ̀, òun gan-an ló ní bí ìyá náà bá wọlẹ̀, kí àwọn hú u jáde. Ìyá rẹ fi igi ìtilẹ̀ wọlé lọ, kò jẹun di ọjọ́ kejì.

N kò bínú, má sunkún. Ẹni tó ń sáré kì í rí ohun tó ń tẹ̀. Akọ̀wé ti pè wá lẹ́rìí, a ò sì lè kọ̀ fún ìjọba. Ìyá rẹ ní òun á búra, òun á sọ pé òótọ́ ni, ọkùnrin náà pàṣẹ. Òun á sì sọ orúkọ ọmọ tí òun bí. Nítorí náà bá wa fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kó jẹ́ ìjókòó iwájú, kí ìyá rẹ lè na ẹsẹ̀ tó kù. Fi owó rọ́bà ìdí igi ìtilẹ̀ kún un, èyí tí mo gbẹ́ máa ń yọ̀ lórí símẹ́ńtì, mo sì gbọ́ pé ilẹ̀ kóòtù máa ń dán. Bí lọ́yà bá ti gba gbogbo owó ọwọ́ rẹ, má yá, sọ fún mi, màá ta ẹ̀rọ ìfági mi.

Ọlọ́run á gbé ọ ga, gíga tí kò ní tẹ ọmọ ẹlòmíì mọ́lẹ̀. O ò ní fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ. Ibi tí a ti fi orí tiwa ti ọ́ dé, àwọn ọmọ rẹ á kọjá ibẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí o bá mi bi lọ́yà rẹ, nítorí n kò wọ ilé ẹjọ́ rí. Wọ́n ní apá kan wà fún ẹni tó pẹjọ́, apá kejì fún ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ọmọ mi, apá wo ni kí n gbé ìyá rẹ jókòó sí?

Èmi ni bàbá rẹ.