Èmi, Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ẹ̀rọ Òòfà

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Ẹ̀jẹ̀ mi bá ti ẹ̀gbọ́n mi mu! Ó ku àwòrán inú. Wọ́n fẹ́ rí kíndìnrín mi méjèèjì, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn, àti ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà. Bó bá dára, wọn á yọ ọ̀kan fún un. Tiẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ara ló ti rù — àfi ẹnu. Ẹnu-Abẹ ni mo ń pè é, tí kò bá gbọ́.
Mo sọ fún un. Ó ní, "Kíndìnrín télọ̀! Á ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọjọ́rú, 6
Mo bi ọkọ mi bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, "Hùn." Òun ni Adákẹ́. Nígbà tó wá tọrọ mi, Ẹnu-Abẹ ló yarí: àbúrò òun ò ní fẹ́ ògiri. Títí dòní, "Ògiri, ṣé o jí ire?" ló fi ń kí i. Adákẹ́ á ní, "Mo jí ire, ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Yàrá tútù, ẹ̀rọ ńlá tó ní ihò láàárín. Òòfà ni, wọ́n ní irin ò gbọ́dọ̀ wọlé. Mo ní mi ò ní irin lára. Obìnrin tó ń ya àwòrán fọwọ́ gbá ọrùn ẹ̀wù mi — abẹ́rẹ́. Ìṣẹ́tí ẹ̀wù — abẹ́rẹ́. Inú irun — abẹ́rẹ́! Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yín náà mì?" Wọ́n pààrọ̀ aṣọ fún mi.
Wọ́n fa oògùn sí mi níṣan kí ọ̀nà ìtọ̀ lè hàn. Ariwo bí ilé alágbẹ̀dẹ. "Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ẹ má mí mọ́." Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo ṣáà rọ́jú. Nítorí Ẹnu-Abẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Kò sí ìròyìn. Mo rán apá ọ̀tún méjì mọ́ ẹ̀wù kan.

Ọjọ́bọ̀, 14
Kò ṣeé ṣe.
Dókítà yí àwòrán sí mi. Kíndìnrín mi méjèèjì lẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀, bí irin pátákò ẹṣin. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ó ní kò ní pa mí lára, ṣùgbọ́n iṣan àti ọ̀nà ìtọ̀ ibẹ̀ lọ́ mọ́ra débi pé òun ò ní fi ọ̀bẹ kàn án.
Èmi ni mò ń sunkún, Ẹnu-Abẹ ló ń tù mí nínú. "Àtikékeré lo ti láhun. O lẹ̀ wọ́n pọ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà tọrọ!" A rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Kì í ṣe ẹ̀rín.

Ọjọ́ Ajé, 18
Adákẹ́ wọlé pẹ̀lú òwú lápá. Mo ní kí ni. Ó ní, "Àyẹ̀wò." Mo fún ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn. Àṣé ọ̀sẹ̀ tí èmi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lòun náà ti lọ, pé bóyá tèmi ò ní ṣeé ṣe. Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà bá ti Ẹnu-Abẹ mu. Inú ẹ̀rọ òòfà ló ti ń bọ̀ yìí! Adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ ti ẹni tó ń ṣe. Mò ń gbá a mọ́ra, mò ń lù ú.
Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ní kó má mí mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin tó ń ya àwòrán bẹ̀ ẹ́ kó tó tún mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26
Àwòrán Adákẹ́ dára. Méjì gédégédé, ọ̀nà ìtọ̀ mọ́ kedere.
Ẹnu-Abẹ kọ̀. "Láéláé! Bí mo bá gbà á, ta ni mo máa máa bú?"
Mo fẹ́ fèsì. Adákẹ́ gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ sì máa bú mi lọ. Òkú ò lè bú èèyàn." Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó báyẹn lẹ́ẹ̀kan náà.
Ẹnu-Abẹ la ẹnu. Ohùn ò jáde. Ó wá mi orí pé òun gbà.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kẹrin
Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Báàgì méjì ni mo dì, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti ń gbàdúrà fún látẹ̀yìn wá. Ní báyìí mo kúnlẹ̀, wọ́n ti di méjì, mi ò sì mọ orúkọ tí màá kọ́kọ́ pè.