Ṣé Kí N Fi Owó Mẹ́kà Mi Ra Ìpín Tó Já Wálẹ̀?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú làálàá ètò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí. Aránṣọ ni mí ní Bẹ́yẹrúnkà.

Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì, gbogbo owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n fi ra ìpín nílé-iṣẹ́ kan tó ń lọ ìyẹ̀fun. Lọ́dún yìí, ogójì náírà tí ìpín kan ń lọ já sí mẹ́fà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n jókòó tì mí nídìí ẹ̀rọ.

"Ìyá ọmọ mi, ìpín náà ti dọ̀pọ̀ báyìí. Mú owó Mẹ́kà rẹ wá, ká rà kún un."

Mo ní, "Tí kò bá wá gbérí mọ́ ńkọ́?"

Wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò rí omijé wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin àkọ́bí wa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì sọ pé gbèsè ti mu ilé-iṣẹ́ náà dé ọrùn. Mo mọ̀ pé owó mi máa rì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò jẹun mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí mo bá kọ̀, mo máa pàdánù wọn.

Àlàmísì ni wọ́n ní kí n fèsì. Ẹ̀yin olùgbọ́, tó bá jẹ́ ọkọ yín ńkọ́?